Má Ṣí Àtíbàbà Náà Lójọ́ Kan

Atakpamé,
ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń parí lọ.

Àkànní, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó bá ọ mú un wá láti Blitta ní ara rẹ le, pé o tilẹ̀ sanra díẹ̀. Ìyá Àfí tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní irọ́ ni, pé kò sí ẹni tí yóò mu omi tútù onílé tán kí ó wá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti rù. Mo gbọ́ ti àwọn méjèèjì, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì ka ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ.

Inú mi dùn pé wọ́n ti sọ ọ́ di mọnitọ́, olùtọ́jú ọgbà ìjọba, tí wọ́n sì fi àwọn ọmọ kọfí tí wọ́n fẹ́ dán wò ní apá Sokodé sí abẹ́ ìtọ́jú rẹ. Inú ìyá rẹ ì bá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú lẹ́tà náà tí kò jẹ́ kí n lè dúró pẹ́ lórí ayọ̀. O ní àwọn ọmọ kọfí náà ga gbọ̀ọ̀rọ̀, igi wọn kò nípọn. O ní kòmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè yín, ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ yín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. O ní nítorí náà ìwọ yóò ká gbogbo ẹní koríko tó wà lórí àtíbàbà wọn kúrò lójọ́ kan ṣoṣo, kí oòrùn lè fún wọn lókun kíákíá. Níparí, o kọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tí kò ṣe pàtàkì, pé o kì í sùn púpọ̀ mọ́, pé bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ ènìyàn kì í rántí nǹkan.

Má ṣí i lójọ́ kan. Bí o kò bá ní àyè láti ka ibòmíràn nínú ìwé yìí, ìyẹn ni kí o kà. Bí o bá ní àyè, mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, nítorí mo mọ̀ ọ́ láti kékeré: o kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdí, n kò sì bá ọ jà lórí ìyẹn.

Ohun tí ewé ń ṣe, o ti kọ́ ọ nílé ìwé tó ga ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ewé ni ilé ìdáná igi. Gbòǹgbò ń gbé omi wá. Afẹ́fẹ́ ń gba àwọn ihò kéékèèké ara ewé wọlé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni iná. Ohun tí wọ́n bá sè níbẹ̀ ni igi fi ń ga, òun náà ló fi ń so. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò rò pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni oúnjẹ yóò ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ti rí iná tó ń jó lábẹ́ ìkòkò tí omi inú rẹ̀ ti gbẹ. Iná yẹn kò se nǹkan kan mọ́. Ìkòkò ló ń jó.

Ní ọ̀sán gangan, bí ilẹ̀ bá gbẹ, ewé a pa àwọn ihò ara rẹ̀ dé kí omi inú rẹ̀ má bàa tán. Bó bá ti pa wọ́n dé, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé dáadáa mọ́, ohun tí yóò sè ti dín kù. Ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn tí ewé lè tì mọ́ oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé bọ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ohun tí ewé ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ tí kò lè lò, ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà.

Ìtàn ọgbà mi àkọ́kọ́, o ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ láìmọye ìgbà, ó sì máa ń fi iyọ̀ sí i. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi iyọ̀ sí i.

Ọ̀nà Kámínà ni ọgbà náà wà, kò jìnnà sí ibi tí àwọn irin gíga tí àwọn Jámánì fi ń ránṣẹ́ gba ojú afẹ́fẹ́ wó sí. Ọjọ́ orí mi kò ju tìrẹ ìsinsìnyí lọ, mọnitọ́ sì ni èmi náà. Mo rí i pé àwọn ọmọ igi abẹ́ àtíbàbà ń ga lásán, nígbà tí ọ̀kan tó hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kúrú, ó sì le bí èèkàn. Mo ní ìmọ́lẹ̀ ni wọn kò rí jẹ. Ọ̀gá wa ti lọ sí Lomé. Mo pe àwọn òṣìṣẹ́, a ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà ọyẹ́. Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn, mo ń rìn láàárín wọn bí ẹni tó ṣe ìdáǹdè.

Kò pẹ́ tí àwọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára ewé wọn. Wọ́n ṣá, wọ́n funfun láàárín, wọ́n jó létí. Ìyá rẹ kò tíì di ìyá ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ó wà lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń pọn omi fún ọgbà. Ó sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

“Mọnitọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọṣẹ wo lẹ fi fọ̀ wọ́n?”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo fa ojú ro.

“Oúnjẹ ni mo fún wọn,” ni mo wí. “Ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ igi. Ìwọ kò lè mọ̀.”

“Háà, oúnjẹ ni! Ẹni tí ebi ń pa, tẹ́ ẹ wá gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná, tẹ́ ẹ dà á lé e lórí, ṣé ẹ ti bọ́ ọ nìyẹn?”

“Kí ni kí a ṣe nígbà náà, ìwọ tó mọ gbogbo rẹ̀?”

“Èmi ò mọ nǹkan kan. Omi ni wọ́n ní kí n pọn. Ẹ jẹ́ ká bu omi lé wọn lórí.”

A bu omi lé wọn lórí títí ilẹ̀ fi di ẹrẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kú. Títí a fi fẹ́ ara wa, títí a fi bí ọ, bí mo bá ti ń ṣe ohun kan pẹ̀lú ìkánjú, ìyá rẹ a ní, “Bàbá Àkànní, ọbẹ̀ yín ti ń gbóná o.” O rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo lọ bá fàdá tó kọ́ wa ní ìwé. Kò bá mi wí. Ó ní awò kan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó já ewé kan nínú odò, ewé tó fẹ́lẹ́ bí awọ inú àlùbọ́sà, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ awò náà, ó ní kí n wò. Mo rí àwọn hóró kéékèèké aláwọ̀ ewé, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ bí àgbàdo tí a sá sórí ẹní.

“Àwọn wọ̀nyí ló ń se oúnjẹ,” ni fàdá wí. Ó wá yí dígí abẹ́ awò náà kí oòrùn ọ̀sán lè bọ́ sára ewé gan-an. “Ó yá, lọ jẹun, kí o tún padà wá wò ó.”

Nígbà tí mo padà, àárín ti ṣófo. Àwọn hóró náà ti lọ tò sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n fara ti ògiri, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí èrò ọjà ṣe ń fara ti ògiri nígbà tí ibòji bá kéré.

“Fàdá, ta ló lé wọn?”

“Oòrùn ni. Wọ́n ń sá fún un.”

“Ṣé kì í ṣe oúnjẹ wọn ni?”

“Oúnjẹ wọn ni. Ìwọ kò tíì sá fún oúnjẹ rí?”

Mo rántí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Datcha àti bí iyán ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ó yí dígí náà padà. Nígbà tó ṣe, àwọn hóró náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí àárín, wọ́n rọra ń bọ̀. Ó ní ewé ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú tó ń gbà da ìmọ́lẹ̀ àjẹṣẹ́kù nù, pé ó jọ pé ó ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ooru, ó ń tú u síta, ṣùgbọ́n pé àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì rí ìdí rẹ̀ tán. Wọ́n lè ti rí i ní àsìkò tìrẹ yìí. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí tèmi fi kú. Ó ní ọmọ igi tó dàgbà nínú ibòji kò tíì kọ́ bí a ṣe ń sá. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń rí, kò sì fẹ́ kí èyíkéyìí ṣòfò nínú rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó tẹ́ ọwọ́ gba ìrì ni o gbé lọ sábẹ́ omi tó ń já láti orí òkè.”

Nítorí náà, gbọ́ ti bàbá rẹ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo ń kó sílẹ̀ fún ọ yìí.

Èkíní. Dúró de ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Ní ọjọ́ náà, bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ìlà oòrùn, nítorí oòrùn àárọ̀ kò le bíi ti ọ̀sán. Ká ẹní kan, fi èyí tó tẹ̀lé e sílẹ̀, ká òmíràn. Má fọwọ́ kan ìhà ìwọ̀ oòrùn rárá. Lẹ́yìn náà, ṣe sùúrù títí àwọn ọmọ kọfí yóò fi yọ ewé tuntun, tí ewé náà yóò sì gbó díẹ̀, kí o tó tún ká òmíràn. Ewé tó ti gbó nínú ibòji kò ní yí padà fún ọ. Má bínú sí i, má sì fi ṣe òṣùwọ̀n. Èyí tó yọ lójú oòrùn ni yóò kéré, tí yóò nípọn, tí yóò mọ bí a ṣe ń bá oòrùn gbé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Èkejì. Má máa wo ọgbà rẹ láàárọ̀ nìkan. Láàárọ̀ gbogbo ewé ló dára. Lọ wò ó lọ́sàn-án. Wo ẹ̀wà tí àwọn obìnrin gbìn sẹ́bàá ọ̀nà: láàárọ̀ ó tẹ́ ewé rẹ̀ fún oòrùn, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti dé àtàrí, ó gbé ewé náà sókè kí etí rẹ̀ lè dojú kọ ọ́, kì í ṣe àyà rẹ̀. Wo ewé ẹ̀gẹ́ bó ṣe ń rọ̀ wálẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí o bá rí ewé tó rọ̀ lọ́sàn-án, má sáré bu omi lù ú bí a ti ṣe. Padà wò ó nírọ̀lẹ́. Bó bá ti gbéra, ó ń ṣọ́ra ni tẹ́lẹ̀. Bí kò bá gbéra, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta. Ọyẹ́ ọ̀dọ̀ yín le ju tiwa lọ. Bí èyí tó kù nínú rẹ̀ bá tún fẹ́, fi ẹní sí ipò rẹ̀ láàárọ̀ náà. Oòrùn a ti mọ́ kedere, ara ewé a sì tutù síbẹ̀. Iná ti ràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ alásè ti kú nítorí òtútù. Ohun tó pa ọgbà tèmi ní ọ̀nà Kámínà, mo rò pé àwọn àárọ̀ wọ̀nyẹn ni, ju àwọn ọ̀sán lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ kòmándà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kọ ọ́ bí ẹni tí kò bẹ̀rù. Má ṣe fi àwọn ọmọ igi ra ojú rere rẹ̀. Ṣí igun kékeré kan pátápátá, ibi tí àdánù rẹ̀ kò ní dùn ọ́ púpọ̀, kí o sì fi ìyókù sí bí mo ti wí. Nígbà tó bá dé, mú un dé igun náà ná, lẹ́yìn náà kí o mú un dé ibi yòókù. Ojú rẹ̀ yóò bá a sọ̀rọ̀ ju Faransé rẹ lọ. Bó bá ṣì ń kánjú, fi ọ̀wọ̀ rán an létí pé kò sí ẹni tí yóò mu kọfí yẹn lọ́dún yìí, títí kan òun náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní kà mọ́ àwọn ti òkè yìí.

Nígbà tí a sin ìyá rẹ, o dé, o bá wa gbé e, o sì wọkọ̀ padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ sí i. Mo ní kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀. N kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ọ nígbà náà, n kò sì kà á sí i báyìí. Ohun tó bá pọ̀ ju agbára ẹni lọ, a lè fara ti ògiri fún un. Èmi náà, mo ń jí, mo ń gbálẹ̀, mo ń bu oúnjẹ sí àwo kan. N kì í wọ yàrá ìyá rẹ lọ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń wọ̀ ọ́, fún ìgbà díẹ̀, mo sì máa ń jáde. Lóṣù yìí mo ń pẹ́ níbẹ̀ ju ti oṣù tó kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ láìsùn yẹn kì í ṣe ibòji, Àkànní. Oòrùn mìíràn ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Sùn. Jẹun lásìkò. Wá ẹnì kan tí o lè bá sọ̀rọ̀ ìyá rẹ, ọ̀rọ̀ kékeré, bíi bó ṣe ń fi iyọ̀ sí ìtàn. Má sọ gbogbo rẹ̀ lójọ́ kan.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gùn báyìí nìyí. Kí àìsàn tó dá ìyá rẹ dúbúlẹ̀, ó gbin ọmọ kọfí sẹ́yìn ilé, lẹ́bàá odò, òun fúnra rẹ̀ ló sì bò wọ́n. O mọ àṣà iṣẹ́ wa: ọwọ́ tó bo ọgbà ni ń ṣí i, bí ọwọ́ náà kò bá sí mọ́, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo na ọwọ́ sí àtíbàbà náà. Bóyá mo ti gbàgbé, bóyá mo kàn ń ṣe bí ẹni gbàgbé. Ìyá Àfí pariwo láti inú ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀:

“Bàbá Àkànní! Ẹ̀yin lẹ bò ó ni?”

“Rárá.”

“Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò ńbẹ̀ nígbà náà. Kí ọmọ rẹ̀ wá.”

“Ọmọ rẹ̀ wà ní Sokodé.”

“Ṣé Sokodé ni ọ̀run ni? Ẹni tó lọ sọ́run nìkan ni a kì í retí.”

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà le. Nígbà tó yá ó gbé iṣu sísun wá, ó gbé e kalẹ̀, ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà wá di ìṣòro fún mi. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí i títí òjò yóò fi dé, àwọn ọmọ kọfí ìyá rẹ yóò ga lásán, wọn yóò sì tẹ̀. Bí a bá sì dúró dè ọ́, ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn ọ̀gá rẹ yóò fún ọ láti wá. Ìwọ yóò ní láti ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí mo sì ń kìlọ̀ fún ọ nípa ti Sokodé ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wọn níbí. Mo rò ó títí. Lánàá, lọ́sàn-án, mo lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ àtíbàbà náà dáadáa.

Ìyá rẹ kò lo ẹní bíi tìrẹ. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù ló lò. Ó tò ó nípọn sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, ó tò ó fẹ́ẹ́rẹ́ sí ìhà ìlà oòrùn. Láti ìgbà náà ni imọ̀ náà ti ń gbẹ. Ewé rẹ̀ ń ká, ó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba àárín rẹ̀ wọlé bí ẹni ń gba ojú asẹ́. Àwọn ọmọ kọfí ti yọ ewé tuntun. Mo fọwọ́ kàn án: ó kéré, ó sì nípọn. Ẹnikẹ́ni kò ṣí ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣí. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti bò ó ló ti ń ṣí i.

Nígbà tí òjò yóò bá fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá imọ̀ lásán ni yóò kù lórí wọn. Kò ní wúwo. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, wọ ọkọ̀ dé Blitta, kí o wọ ọkọ̀ ojú irin sọ̀kalẹ̀ wá. Bí o bá dé nírọ̀lẹ́, á dára. A ó jẹun ná. Bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ kejì ni o tó lè lọ sẹ́yìn ilé, n kò ní bi ọ́ léèrè.

N kò ní fọwọ́ kan àwọn ọ̀pá náà.

Èmi ni, bàbá rẹ, tí ń wò wọ́n láti ìta ọgbà.